Ọkọ̀ Tí Kì í Kọjá Ibùdókọ̀

Bí wọ́n bá kó gbogbo èrò tí Bàbá Ìbejì fi bọ́ọ̀sì gbé láàárín ọdún méjìlélọ́gbọ̀n jọ sójú kan, ilé ayé á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí igbá tí wọn ò gbé dáadáa, omi òkun á sì dà sílẹ̀. Ó gbé olówó, ó gbé tálákà, ó gbé aboyún tó ń rọbí, ó gbé ọkùnrin kan tó sùn lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí kò jí títí di Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbé rí: ìyàwó rẹ̀.

Kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ aránṣọ ni Ìyá Ìbejì ń ṣe, ìsàlẹ̀ ilé wọn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti máṣíìnì rẹ̀, bọ́ọ̀sì ò sì gba orí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbejì ò bá lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Oorun ni. Ó máa ń hanrun débi pé àwọn ará ilé kejì á dìde lọ ti fèrèsé tiwọn.

Ṣùgbọ́n ìlérí kan wà nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Ìyá Ìbejì máa ń fẹsẹ̀ rìn gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún ọkọ rẹ̀ ní gáréèjì. Lára ògiri ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun, wọ́n lẹ àwòrán ilẹ̀ kan mọ́bẹ̀. Ìlà pupa kan gba etí òkun lọ, ó lọ, ó lọ, títí ó fi dé ibi tí ilẹ̀ yọ sínú omi bí ahọ́n ọmọ tó ń fini ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Ìbejì fi ìka kan ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Kí ló wà níbí?"

"Òkun ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ibẹ̀ ni títì parí sí. Màá gbé ọ débẹ̀."

Òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ bá sì sọ tòun ti òkèlè lẹ́nu, ìyàwó kì í gbàgbé ẹ̀. Odidi ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Ìyá Ìbejì fi ṣe sùúrù. Ó rán ṣòkòtò tó tó aṣọ tí wọ́n lè fi bo ojú ọ̀run, ó sì ń ṣe sùúrù.

Ìgbà tó wá yá, dókítà ojú já sùúrù náà sí méjì. Ó tan iná wo ojú Bàbá Ìbejì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún jókòó.

"Bàbá, lójú ọ̀sán gangan, ojú yín ṣì dára. Àmọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ má dé ìdí síárìn rárá. Mo rí i pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìwé ìwakọ̀ yín á kú. Ẹ jẹ́ kó kú o. Ẹ má gbé e wá fún mi pé kí n jí i dìde."

Bàbá Ìbejì fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ìyá Ìbejì ló ń fi ìka kà á lórí itan: Sátidé, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ó kà á tán, ó dìde.

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé fìlà yín. À ń lọ."

"Níbo?"

"Ibi tí títì parí sí."

Ọkọ̀ wà nílẹ̀ o. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Bàbá Ìbejì ti ra ọkọ̀ búrẹ́dì kan tó ti kú kú ikú oró, ó sì fi òòlù àti èébú jí i. Ó kan bẹ́ẹ̀dì mọ́ inú rẹ̀, ó gbé sítóòfù kékeré síbẹ̀. Ìyá Ìbejì rán kọ́tìnì sí fèrèsé, ó sì rán àpò méjìlélógójì mọ́ ara ògiri rẹ̀: àpò síbí, àpò ìgò omi, àpò àlùbọ́sà, àpò eyín àtọwọ́dá Bàbá. Títí dé ibẹ̀, ohun gbogbo lọ déédéé. Ìgbà tó kan ọ̀dà ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àwọ̀ ewé ni Bàbá Ìbejì kùn ún, ó fa ìlà funfun gbọọrọ sí i láàárín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kun bọ́ọ̀sì ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ó tún lọ yọ irin tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn lára bọ́ọ̀sì àlòpatì kan, ó dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀.

"Ẹ ò ṣe kùn ún ní àwọ̀ mìíràn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọ̀dà tí mo mọ̀ nìyẹn. Mi ò lè máa wa ọkọ̀ tí mi ò dá mọ̀."

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé náà, àwọn ìbejì pè lórí fóònù. Àwọn méjèèjì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹnu kan náà ni wọ́n sì ṣì fi ń sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ ní sùúrù ná kí ojú Dádì gbádùn díẹ̀."

"Ojú ò ní gbádùn, dókítà ti sọ. Ọ̀nà ò ní sá lọ, ojú ló ń lọ."

"Tí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ lójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Màá rán an."

Ó rò pé òun ń ṣe àwàdà ni. Kò mọ̀ pé òun ń sọ àsọtẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n gbéra. Kí wọ́n tó jáde nígboro, ọkọ̀ ti dúró nígbà mẹ́rìnlá. Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń wúkọ́. Nígbà tó di ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ó yíjú padà.

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé sí kí ni?"

"A tún ti dúró."

Bàbá Ìbejì wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì bí ẹni ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó fọ́ àwo. "Ibùdókọ̀ ni," ló wí.

"Mo rí i pé ibùdókọ̀ ni. Ta la fẹ́ gbé?"

"Ẹsẹ̀ mi ni, jàre. Kò tíì mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì."

Ẹsẹ̀ nìkan kọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ bíréèkì, ọwọ́ á fa irin, ilẹ̀kùn á ṣí gbààgà, Bàbá á ka ení dé ẹẹ́wàá sínú, ilẹ̀kùn á tì, wọ́n á tún máa lọ. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! Bí wọ́n bá sin ín tán, tí wọ́n gbé òpó ibùdókọ̀ kọjá lórí sàréè rẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣì na.

Ọ̀nà náà dára. Ní ìlú etí òkun àkọ́kọ́, àwọn ilé funfun tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi bí eyín ọmọdé, àwọ̀n ẹja wà lórí odi níbi tí wọ́n sá a sí. Lẹ́yìn ìlú, pápá ni, màlúù ni, ọgbà oko ni, ọ̀nà á tún yí, òkun á tún yọ. Ìyá Ìbejì ò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i pẹ̀lú.

"Òkun wà lápá òsì yín o."

"Mo gbọ́."

"Ẹ wò ó, kẹ́ ẹ máa sọ pé ẹ gbọ́."

"Awakọ̀ tó bá ń wo òkun, òkun náà á wá wò ó."

Ojú rẹ̀ ò yẹ̀ kúrò lórí títì. Tí wọ́n bá sì dúró nírọ̀lẹ́, oòrùn á ti ń wọ̀, ojú rẹ̀ á ti ṣú, á ní bí aṣọ eérú lásán ni gbogbo rẹ̀ rí sí òun. Láàárọ̀ ẹ̀wẹ̀, orí rẹ̀ á wà nínú ẹ́ńjìnnì títí wọ́n á fi gbéra. Ìyá Ìbejì wò ó, ó rí i pé àwọn lè bá òkun rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọkùnrin yìí má rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé ó di dandan kí àwọn dé òpin náà kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, níbi tí ọ̀nà á ti tán, tí kò ní sí títì kankan tí ọkọ òun á tún máa wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń ká aṣọ ìbora lẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ dúró níbùdókọ̀ kan, ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wọlé. Ó kí i pé ẹ kú àárọ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìwé ìròyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá dé báǹkì, ẹ fi tó mi létí."

Ìyá Ìbejì gbá kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá Ìbejì, àlejò wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa."

"Níbo ló ń lọ?"

"Báǹkì, ló wí."

"Ọ̀nà wa ni."

"Bẹ́ẹ̀dì wa ni."

"Ó dáa, má jẹ́ kó bọ́ bàtà."

Wọ́n gbé e débẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní bọ́ọ̀sì ti dára sí i lásìkò yìí, pé òun ò mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrọ̀rí sí i.

Ìròyìn kì í wọ bàtà, síbẹ̀ ó máa ń yára ju ọkọ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo etí òkun ti gbọ́ pé bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí kò níbi tí wọ́n ń lọ jáde wá dúró. Nọ́ọ̀sì kan wọlé nígbà tó ń darí bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, ó sùn lórí ìrọ̀rí Bàbá, ilé rẹ̀ kọjá, wọ́n ní láti padà. Apẹja kan gbé garawa ẹja wọlé, ẹja kan fò sínú àpò àlùbọ́sà. Ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n fi òwúrọ̀ kan rìn, odidi ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ín. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí itan, ó fi tépù ìwọnṣọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ku ìdajì, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù.

"Bàbá Ìbejì, láti ọ̀la, a ò dúró mọ́."

"Sọ fún ẹsẹ̀."

Ọjọ́rú ni ọ̀ràn wá dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò mẹ́ta sílẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn wọn, ó dún títí àwọn ẹyẹ òkun fi ṣí lọ sí ìlú mìíràn. Bọ́ọ̀sì gidi kan, aláwọ̀ ewé, onílà funfun, yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì dábùú títì níwájú. Obìnrin kan tó so irun mọ́ ìpàkọ́ sọ̀kalẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ti sọ ọ́ lórúkọ: Ìyá Onífèrè.

"Ẹ̀yin ni," ni obìnrin náà wí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù. "Ibùdókọ̀ mọ́kànlá ni mo dé láti àárọ̀. Ẹnì kan ò sí. Mo ń wa atẹ́gùn kiri bí ẹni orí rẹ̀ dàrú."

"Ìyàwó mi, má bínú," ni Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀.

"Èmi kì í ṣe ìyàwó yín. Èrò mi ni kẹ́ ẹ dá padà. Tí ọ̀gá mi bá rí i pé bọ́ọ̀sì mi ń ṣófo, ọkọ̀ ò ní gba ojú ọ̀nà yìí mọ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wá padà sílé yín tòun ti bẹ́ẹ̀dì yín, ta ló máa gbé àwọn èèyàn mi?"

Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sídìí ṣòkòtò rẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ tó nípọn bí taya, èyí tí iléeṣẹ́ fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó sì yí ojú irin rẹ̀ sí obìnrin náà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ni wọ́n fín sí i.

Ìyá Onífèrè kà á. "Awakọ̀ ni yín? Ẹ mọ̀, ẹ tún ń ṣe é?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkùnrin náà lára ju ìgbátí lọ. Èèyàn lè jí ẹran awakọ̀, ó lè jí fìlà rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tó ń dúró dè é níbùdókọ̀, ohun ọ̀wọ̀ ni. Ó sọ orí kọ́.

Ìyá Ìbejì ló dáhùn. "Àbúrò mi, ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ ń kú. Òpin ọ̀nà yìí là ń lọ. Kì í ṣe òwò la ń ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣe é. Mo búra fún ọ, ẹsẹ̀ yẹn ò ní dúró mọ́."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ọkọ̀, ó wo kọ́tìnì. "Ẹ má jẹ́ kí n bá yín níbùdókọ̀ mi mọ́," ló wí, ó sì gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí Ìyá Ìbejì ṣe ṣe é nìyí. Ó ya aṣọ ìbora funfun kan, ó gbé máṣíìnì alọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ó fi òwú pupa rán ọ̀rọ̀ gàdàgbà sí i: YÀRÁ WA NI, KÌ Í ṢE BỌ́Ọ̀SÌ. Ó so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ lé orúnkún ọkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ òpó ibùdókọ̀, á tẹ orúnkún náà mọ́lẹ̀, á ní, "Kọjá." Ẹsẹ̀ á gbọ̀n. Bàbá á làágùn bí ẹni ń gbé òkè. Wọ́n á kọjá.

"Ó ń dùn mí," ni Bàbá wí nígbà kan.

"Orúnkún?"

"Àwọn tó ń juwọ́."

"Bọ́ọ̀sì wọn ń bọ̀ lẹ́yìn. Kọjá."

Báyìí ni wọ́n ṣe jẹ ọ̀nà bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ pápá, títí di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí nǹkan kan já pẹ́ẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, tí èéfín sì bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Fáànù bẹ́líìtì ni, ìgbànú rọ́bà tó ń yí fáànù ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wà láàárín pápá, àfi màlúù ló ń wò wọ́n, màlúù ò sì ń ta bẹ́líìtì.

Bàbá Ìbejì jókòó sórí koríko. "Ó parí," ló wí. "Pe àwọn ìbejì."

"Mi ò pè wọ́n."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù. Ẹ bọ́ bẹ́líìtì yín."

"Bẹ́líìtì wo?"

"Èyí tó wà nídìí yín, Bàbá Ìbejì."

Ọkùnrin náà wo ojú irin tí wọ́n fín ọdún rẹ̀ sí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò jiyàn. Ó bọ́ ọ. Ìyá Ìbejì gé ojú irin náà kúrò, ó fi í sínú àpò eyín, ó sì la awọ náà sí méjì. Ó fi abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àga rán an pọ̀, ó fi ìda kun òwú. Àkọ́kọ́ rìn tó kìlómítà mẹ́fà kó tó tú. Kò bú, kò sọkún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ya ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ kan, ó fi ojú ìrán rẹ̀ tó le sáàárín awọ bí ẹran nínú búrẹ́dì, ó sì rán an ní ìlà mẹ́rin. Àtàǹpàkò rẹ̀ wú bí àgbálùmọ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa dé àtàrí, ẹ́ńjìnnì ń yí, bẹ́líìtì ń yí, Bàbá Ìbejì sì fi okùn kọ́tìnì so ṣòkòtò mọ́dìí.

"Tó bá já báyìí," ló wí, "kò kù ju awọ ara mi lọ."

"Mo lè rán ìyẹn náà. Ẹ wakọ̀."

Ó ku wákàtí márùn-ún kí oòrùn wọ̀. Ọ̀nà wákàtí mẹ́ta ló kù. Wọ́n gba ìlú kan kọjá, wọ́n gba èkejì. Kọjá. Kọjá. Ìyá Ìbejì ti ń gbọ́ òórùn òpin ọ̀nà nímú.

Níbùdókọ̀ kan láàárín oko, ó tẹ orúnkún, ó ní kọjá, wọ́n sì kọjá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sínú dígí ẹ̀gbẹ́. Ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ lórí koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà gbọọrọ, ó gbé páálí ẹyin lé itan. Kò tilẹ̀ juwọ́. Ó kàn ń wo ọkọ̀ tó ń lọ bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì wo oòrùn. Ó wo dígí. Ọ̀nà tó fi ọgbọ̀n ọdún retí wà níwájú, arúgbó wà lẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún.

"Dúró."

"O ní kọjá."

"Mo ní dúró, Bàbá Ìbejì."

Màmá Ẹlẹ́yin, bí wọ́n ṣe ń pe arúgbó náà, ti fẹsẹ̀ rọ́ nínú kòtò. Ibùdókọ̀ ló wọ́ ara rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ sọ́jà ti lọ kó tó débẹ̀, èyí tó kù ò sì ní dé bí kò ṣe ìrọ̀lẹ́. Ilé tó wá fẹ́ padà sí wà nínú oko, lápá ọ̀tún, ní ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ò gbà.

"Ṣé ó jìnnà?" ni Ìyá Ìbejì bi í.

"Kò jìnnà. Ó kàn burú ni."

Òótọ́ ló sọ. Kòtò ọ̀nà náà tóbi débi pé ewúrẹ́ kan ń jẹko nínú ọ̀kan, ìwo rẹ̀ nìkan la rí. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ sì ní ìgbéraga kan: ẹ gbé ẹyin tútù lé iwájú ọkọ̀ wọn, kò ní fọ́ títí dé òpin ayé. Ọgbọ̀n ẹyin ló wà nínú páálí yìí. Bàbá Ìbejì wakọ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ó fi ojú wá kòtò, ó fi ìdí gbọ́ òkúta. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Màmá Ẹlẹ́yin, ọgbọ̀n ẹyin ṣì pé. Ìyá Ìbejì jó omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, ó fi aṣọ dè é, ó dúró de ọmọbìnrin arúgbó náà títí ó fi dé láti oko. Arúgbó náà fi ẹyin méjì lé e lọ́wọ́.

"Mi ò jẹ́ kẹ́ ẹ dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ," ló wí.

"A máa débẹ̀," ni Ìyá Ìbejì wí.

Wọ́n padà bọ́ sí títì, oòrùn ti fi ẹsẹ̀ kan kúrò lókè. Bàbá Ìbejì tẹ̀ ẹ́, bẹ́líìtì awọ ń ké, ọ̀nà ń gùn, ọ̀nà ń yí. Lójijì, ó dẹ ẹsẹ̀. Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ibùdókọ̀ kan tó dá dúró lórí òkè kékeré, ó paná ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ ni?" ni Ìyá Ìbejì bi í. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kọ́.

"Ojú ni. Títì ti ń di eérú."

Ó wo àwòrán ilẹ̀. Kìlómítà mẹ́rin péré! "Ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Màá máa sọ fún yín pé ọ̀tún, pé òsì."

"Rárá."

"Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà."

"Ìyá Ìbejì, mo gbé gbogbo ayé, mi ò ṣẹ́ ẹnì kan níka rí. Mi ò ní wá fi ìwọ bẹ̀rẹ̀." Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Mo jẹ ọ́ ní gbèsè kìlómítà mẹ́rin."

Ìyá Ìbejì di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́wọ́. Kò bínú, nítorí òun ló ní dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kó ẹyin méjèèjì sápò aṣọ rẹ̀, ó yí bàtà rẹ̀ padà sí èyí tó le.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ojú ò bá gba kìlómítà mẹ́rin, ẹsẹ̀ á gbà á."

"Pẹ̀lú ṣòkòtò yìí?"

"Ẹ fi ọwọ́ dì í mú."

Wọn ò tíì gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí fèrè fi dún lẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé gun òkè bọ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ìyá Onífèrè ló wà nídìí síárìn. Ó wo ọkọ̀ tó dúró, ó wo aṣọ tí wọ́n so mọ́wájú rẹ̀, ó wo okùn kọ́tìnì.

"Ẹ tún ti dúró níbùdókọ̀ mi."

Ìyá Ìbejì padà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn náà. "Lónìí, èrò ni wá."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè. "Ọmọbìnrin Màmá Ẹlẹ́yin dúró dè mí lójú ọ̀nà," ló wí. "Ó ròyìn ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ wọlé. Ta ló máa wá gbé ọkọ̀ yìí?"

"Àwọn ìbejì mi. Ọ̀kan á wà á, èkejì á máa ráhùn."

Bàbá Ìbejì gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó sì yà sápá òsì, sí ìdí síárìn, tààrà. Àfi ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé Ìyá Onífèrè lẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn, kẹ̀," ló wí, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ tí kò dé rí.

Kò sẹ́lòmíràn nínú ọkọ̀. Ìyá Ìbejì mú un lọ́wọ́, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó tì í. Ọkọ̀ gbéra. Bí wọ́n bá ti dé kọ́nà, ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì á tẹ ilẹ̀, á máa wá bíréèkì. Ojú rẹ̀ nà síwájú, sórí títì tí kò rí mọ́. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ mú àgbọ̀n rẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń yí kọ́là ẹ̀wù.

"Ẹnì kan ti ń wo ọ̀nà. Ẹ wo ibí."

Ojú tó ti rẹ̀ ò rí ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ó tẹ́ rẹrẹ lọ títí, wúrà ló ta sí i láti etí dé etí, ó ń mí. Bàbá Ìbejì wò ó, kò sọ̀rọ̀ fún kìlómítà kan gbáko, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

"Bó ṣe pọ̀ tó yìí nìyí láti Sátidé?"

"Láti Sátidé."

"O ò sọ fún mi."

Ìyá Ìbejì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Onífèrè wo dígí.

Nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́, tí omi wà lọ́tùn-ún tí omi wà lósì, Ìyá Ìbejì fi ìka han ọkọ rẹ̀ ohun pupa kékeré kan lára òpó irin níwájú wọn. Agogo ni, èyí tí èrò fi ń sọ fún awakọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi gbọ́ ọ, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Kò tẹ̀ ẹ́ rí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ibi tí mò ń lọ rèé."

Ó na ìka, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún kíní. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́tàlá.

"Bàbá, mo ti gbọ́," ni Ìyá Onífèrè wí.

"Mo mọ̀ pé o gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bó ṣe máa ń dùn mọ́ wọn ni."

Bọ́ọ̀sì rọra dúró níbi tí títì parí sí. Kí Ìyá Ìbejì tó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó mú ẹyin méjèèjì jáde, ó sì gbé wọn fún ọkọ rẹ̀. Bàbá Ìbejì yí wọn wò, ó gbé wọn sún mọ́ ojú, ó fi àtàǹpàkò wá ìlà lára wọn. Kò rí ọ̀kankan. Ó rìn lọ síwájú, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó sì tò wọ́n lé iwájú ọkọ̀ fún obìnrin náà.

"Wọn ò fọ́," ló wí. "Awakọ̀ ni ọ́."

Ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.